Ìfi-Lésà-Ṣàyẹ̀wò Ọnà-Ara-Ògiri Àtijọ́: Àlàyé àti Àbá fún Èdè-Ìperí

1. Ìfáàrà

Ọ̀rọ̀ tí ó bí àpilẹ̀kọ yìí ṣẹlẹ̀ ní Ugbonla, ní etí omi àwọn Ìlàjẹ, ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó. Àwa àti àwọn olùkọ́ mélòó kan jọ ń gbìyànjú láti túmọ̀ àwọn àyọkà ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì sí èdè Yorùbá fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ilé-ẹ̀kọ́ girama. Ọ̀kan nínú àwọn àyọkà náà sọ bí àwọn onímọ̀ ṣe ń lo lésà láti mọ ipò tí àwòrán tí a kùn sára ògiri àtijọ́ wà. Olùkọ́ tí ó túmọ̀ rẹ̀ pe lésà ní ‘iná alágbára’. Ó sì pe iṣẹ́ náà lápapọ̀ ní ‘fífi iná alágbára tọ́jú àwòrán ògiri’. Bàbá àgbà kan tí ó jókòó tì wá, tí ó ti fi ọ̀pọ̀ ọdún gbẹ́ ọkọ̀ ojú omi, gbọ́ ìtumọ̀ yìí, ó sì béèrè pé, ‘Ẹ̀yin tíṣà, ṣé ògiri tí ẹ ní ẹ fẹ́ tọ́jú náà ni ẹ tún fẹ́ dáná sun?’

Ẹ̀rín ni a kọ́kọ́ fi dá bàbá lóhùn. Nígbà tí a rò ó dáadáa ni a rí i pé àwa ni a jẹ̀bi. Ọ̀rọ̀ méjì ni ìtumọ̀ wa dà pọ̀: a sọ ìmọ́lẹ̀ di iná, a sì sọ àyẹ̀wò di ìtọ́jú. Bí a bá gbé irú ìtumọ̀ bẹ́ẹ̀ lọ bá aláàbójútó ojúbọ kan láti tọrọ àyè fún àwọn onímọ̀, ó lè lé wa jáde nítorí ohun tí kò léwu. Ohun tí ó burú ju èyí lọ ni pé ó lè gba ohun tí ó léwu láyè, nítorí pé orúkọ kan náà ni a fún méjèèjì. Ète àpilẹ̀kọ yìí ni láti ṣàlàyé bí a ṣe ń fi lésà ṣe àyẹ̀wò ọnà ara ògiri, kí a sì dábàá àwọn èdè-ìperí tí olùkọ́ àti atúmọ̀-èdè lè lò láìsí ìdàrúdàpọ̀.

2. Kí ni lésà?

Lésà jẹ́ ìmọ́lẹ̀. Kì í ṣe iná. Albert Einstein ni ó fi ìṣirò hàn ní 1917 pé bí agbára bá ti wà lára átọ́ọ̀mù kan, ìmọ́lẹ̀ tí ó bá ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lè ta á jí, kí òun náà tu ìmọ́lẹ̀ tí ó bá ti àkọ́kọ́ dọ́gba délẹ̀ jáde. Ó di ọjọ́ 16, oṣù Karùn-ún, ọdún 1960, kí Theodore Maiman tó fi òkúta rúbì ṣe lésà àkọ́kọ́ ní ìlú Malibu ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Orúkọ náà gan-an jẹ́ àkékúrú. Láti inú lẹ́tà tí ó bẹ̀rẹ̀ àwọn ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan ni a ti fà á yọ, ìtumọ̀ àwọn ọ̀rọ̀ náà sì ni ‘sísọ ìmọ́lẹ̀ di púpọ̀ nípa títa ìtújáde ìtànṣán jí’.

Nǹkan mẹ́ta ni ó ya lésà sọ́tọ̀ kúrò lára ìmọ́lẹ̀ àtùpà. Èkíní, àwọ̀ kan ṣoṣo ni ó máa ń ní, nígbà tí ìmọ́lẹ̀ àtùpà jẹ́ àdàlù àwọ̀ púpọ̀. Èkejì, kì í fi bẹ́ẹ̀ fẹ́ bí ó ti ń lọ jìnnà. Ojú kan náà tí a bá darí rẹ̀ sí ni ó ń lọ. Ẹ̀kẹta, àwọn ìgbì inú rẹ̀ ń dìde pọ̀, wọ́n sì ń wálẹ̀ pọ̀. Ẹni tí ó bá ti rí ọkọ̀ tí atukọ̀ púpọ̀ ń wà, tí àjẹ̀ gbogbo wọn ń wọ omi lẹ́ẹ̀kan náà, ti rí àpẹẹrẹ lésà. Ìmọ́lẹ̀ àtùpà dà bí ọkọ̀ tí atukọ̀ kọ̀ọ̀kan ń wà bí ó ti wù ú.

3. Ohun tí ń ṣe ọnà ara ògiri

Ọnà ara ògiri kì í ṣe ọ̀dà nìkan. Ó kéré tán, ìpele mẹ́ta ni ó ní: ògiri fúnra rẹ̀, ìrẹ́ tí a fi rẹ́ ẹ, àti ọ̀dà tí a kùn sójú ìrẹ́. Níbi tí àwọn ìpele wọ̀nyí bá ti fi ara kọ́ra dáadáa, ọnà náà ń bẹ láàyè. Níbi tí wọ́n bá ti yapa, òfìfo máa ń wà láàrin wọn. Ojú lè má rí i fún ọ̀pọ̀ ọdún, títí ọjọ́ tí ìrẹ́ àti ọ̀dà yóò fi já wálẹ̀ pọ̀.

Omi àti iyọ̀ wà lára ohun tí ó máa ń fa ìyapa yìí jù lọ. Omi a máa gba ìsàlẹ̀ ògiri gòkè, a sì máa gbé iyọ̀ dání. Nígbà tí omi bá gbẹ, iyọ̀ a ṣẹ́kù sínú ìrẹ́, a di hóró, a sì máa ti ìrẹ́ kúrò lára ògiri díẹ̀díẹ̀. A kò nílò láti ṣàlàyé èyí púpọ̀ fún ará etí òkun, ẹni tí ó mọ bí atẹ́gùn oníyọ̀ ṣe ń jẹ páànù òrùlé àti ìṣó ara pákó.

4. Ọ̀nà mẹ́rin tí a ń gbà fi lésà ṣàyẹ̀wò

4.1 Ìfi-lésà-wọn-ìgbọ̀n

Lẹ́yìn ìbéèrè rẹ̀, bàbá agbẹ́kọ̀ náà sọ fún wa bí òun ṣe ń mọ ibi tí igi ọkọ̀ ti jẹrà nínú. Ó ní òun a fi oríkèé ìka kàn án, òun a sì fetí sílẹ̀: ibi tí ó le a dún pinpin, ibi tí ó ti dá ihò sínú a dún bọ̀ùn. Bẹ́ẹ̀ náà ni ìyá tí ń ra ìkòkò lọ́jà ṣe ń kan ìkòkò kí ó tó san owó. Ọ̀nà yìí gan-an ni àwọn onítọ̀ọ́jú ọnà ara ògiri fi ń mọ ibi tí ìrẹ́ ti yapa láti ìgbà pípẹ́. Àbùkù rẹ̀ ni pé kíkàn lè já ọ̀dà tí kò lágbára mọ́, pé ọwọ́ kì í tó òkè àjà, àti pé ohun tí etí gbọ́ kò ṣeé yà sórí ìwé.

Ní àwọn ọdún 1990, àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ní Yunifásítì ìlú Ancona ní ilẹ̀ Ítálì bẹ̀rẹ̀ sí fi lésà ṣe iṣẹ́ ìka àti etí yìí. Wọ́n a gbé ẹ̀rọ agbóhùnjáde sí iwájú ògiri. Ohùn inú rẹ̀ a mú ògiri gbọ̀n níwọ̀nba tí ojú kò lè rí. Wọ́n a wá da lésà sí ojú kan lára ògiri, ẹ̀rọ a sì gba ìmọ́lẹ̀ tí ó bá padà. Bí ojú náà bá ń gbọ̀n, ìmọ́lẹ̀ tí ó padà kò ní bá èyí tí a rán lọ dọ́gba mọ́.

Ìlànà tí Christian Doppler gbé kalẹ̀ ní 1842 ni ó ṣàlàyé ìyàtọ̀ yìí. Ará Ugbonla mọ̀ ọ́n láìmọ orúkọ rẹ̀. Bí ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì bá ń bọ̀ lọ́dọ̀ wa, ohùn ẹ́ńjìnnì rẹ̀ máa ń lọ sókè. Bí ó bá ti kọjá wa, ohùn kan náà a wálẹ̀. Ẹ́ńjìnnì kò yí padà. Ìrìn ọkọ̀ ni ó yí ohùn tí ó dé etí wa padà. Bí ìrìn ọkọ̀ ṣe ń ṣe ohùn ni ìgbọ̀n ògiri ń ṣe ìmọ́lẹ̀ lésà, ẹ̀rọ sì lè ti ara ìyípadà náà ṣírò bí ìgbọ̀n ti yára tó.

Ibi tí ìrẹ́ ti yapa a máa gbọ̀n bí awọ ìlù, nígbà tí ibi tí ó lẹ̀ mọ́ ògiri kò ní fi bẹ́ẹ̀ mì. Bí a bá ń gbé lésà láti ojú kan dé ojú kejì, kọ̀ǹpútà a kó gbogbo rẹ̀ jọ sínú àwòrán kan tí ó fi àwọ̀ ya ibi àìsàn sọ́tọ̀ kúrò lára ibi ìlera. Bí ibi tí ó yapa bá ti fẹ̀ tó ni ohùn tí ó ń dáhùn sí yóò ṣe lọ sílẹ̀ tó, gẹ́gẹ́ bí ohùn ìyá ìlù ti lọ sílẹ̀ ju ti gúdúgúdú lọ.

4.2 Ìfi-ìgbì-wé-ìgbì

Bí ọkọ̀ méjì bá kọjá lójú omi tí ó pa rọ́rọ́, ìgbì tí wọ́n fà sílẹ̀ a pàdé. Níbi tí orí ìgbì bá ti pàdé orí ìgbì, omi a ga sí i. Níbi tí orí bá ti pàdé ìsàlẹ̀, omi a tẹ́jú. Ìmọ́lẹ̀ náà ń ṣe bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn ìgbì lésà tí ń rìn pọ̀ ni ó ń jẹ́ kí a rí i kedere. Dennis Gabor ni ó kọ́kọ́ fi irú ìpàdé ìgbì yìí dá ọgbọ́n họlọ́gíráàmù sílẹ̀ ní 1948. Ó gba Ẹ̀bùn Nobel fún un ní 1971.

Ní 1972, onímọ̀ físíìsì ará Amẹ́ríkà kan, John Asmus, gbé lésà lọ sí ìlú Venice láti fi ya họlọ́gíráàmù àwọn ère òkúta tí afẹ́fẹ́ oníyọ̀ àti èéfín ń jẹ níbẹ̀. Bí a ṣe ń lo ọgbọ́n yìí fún àyẹ̀wò kò le: a ó ya ògiri lẹ́ẹ̀kan, a ó mú un móoru díẹ̀, a ó sì tún un yà. Ibi tí ìrẹ́ ti yapa a wú ju ibi tí ó lẹ̀ lọ. Bí a bá gbé ìgbà kìíní lé ìgbà kejì, ìlà dúdú àti ìlà funfun a yí ibi tí ó wú ká. Wíwú tí kò tó ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún mílímítà kan pàápàá kò lè fara pa mọ́.

4.3 Ìmọ́lẹ̀-ìdáhùn

Ọ̀nà kẹta kò bá ìgbọ̀n lò. A ó da lésà tí àwọ̀ rẹ̀ kọjá èyí tí ojú ènìyàn lè rí, lápá ibi tí àwọ̀ àlùkò parí sí, sójú ọ̀dà. Àwọn ohun kan a gba ìmọ́lẹ̀ náà mì, wọ́n a sì tu ìmọ́lẹ̀ tiwọn, tí ó ní àwọ̀ mìíràn, jáde. Ẹyin, gọ̀ọ́mù àti òróró tí a fi po ọ̀dà máa ń dáhùn, ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ìdáhùn tirẹ̀. Ọ̀dà ìgbàlódé tí a fi tún ibi tí ó bàjẹ́ kùn náà ní tirẹ̀. Èédú kì í dáhùn ní tirẹ̀. Ńṣe ni ó ń gbé ìmọ́lẹ̀ mì. Ohun tí ń sọ ewé di tútù a máa dáhùn pẹ̀lú ìmọ́lẹ̀ pupa, nípa bẹ́ẹ̀ a lè mọ ibi tí ewéédò ti ń hù kí ojú tó rí i. Ní 1994, àwọn onímọ̀ láti Sweden àti Ítálì ti ọ̀nà jíjìn fi irú lésà yìí yẹ ara ògiri kàtídírà ìlú Lund wò.

4.4 Ìfi-lésà-wọn-ojú

Ọ̀nà kẹrin ni ó ti tàn kálẹ̀ jù lọ ní Áfíríkà. Nínú ìṣẹ́jú-àáyá kan, ìmọ́lẹ̀ ń rin nǹkan bí 300,000 kìlómítà. Bí ògiri bá jìnnà sí ẹ̀rọ ní mítà 10, lésà yóò lọ, yóò sì padà láàrin nǹkan bí ìdá 67 nínú bílíọ̀nù kan ìṣẹ́jú-àáyá. Ẹ̀rọ a ka àkókò yìí, a sì ṣírò ibi tí ojú kọ̀ọ̀kan wà, títí àràádọ́ta-ọ̀kẹ́ ojú yóò fi para pọ̀ di àwòrán tí ó ní ìbú, òòró àti jíjìn. Iṣẹ́-àkànṣe Zamani ti Yunifásítì Cape Town ti fi ọ̀nà yìí ya mọ́ṣáláṣí Djingereyber ní Timbuktu, àwọn ìjọ inú àpáta ní Lalibela àti àwókù ìlú Kilwa Kisiwani. Yíyà ẹ̀ẹ̀kan kò tíì jẹ́ àyẹ̀wò. Ìgbà tí a bá tún un yà lẹ́yìn ọdún mélòó kan, tí a sì fi wé ti àkọ́kọ́, ni a ó tó mọ̀ bí ògiri ń wú tàbí bí ó ń fì.

5. Lésà tí ń ṣàyẹ̀wò àti lésà tí ń fọ ìdọ̀tí

Ibí ni ìbéèrè bàbá ti ní ìdáhùn. Agbára lésà tí a fi ń wọn ìgbọ̀n kéré gan-an. Díẹ̀ nínú ìdá ẹgbẹ̀rún wáàtì kan ni. Kò lè dáná, kò sì lè pa ọ̀dà lára, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ènìyàn kò gbọ́dọ̀ tẹjú mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n lésà mìíràn wà tí ń jó nǹkan ní tòótọ́. Ní Venice tí a dárúkọ lókè yìí, Asmus ṣàkíyèsí pé bí a bá sọ lésà alágbára lu èèpá dúdú tí èéfín kó sára òkúta funfun, èèpá a gbé ìmọ́lẹ̀ náà mì, a gbóná lójijì, a sì fò dànù. Òkúta funfun a dá ìmọ́lẹ̀ padà, kì í sì í jóná. Láti ìgbà náà ni a ti ń fi lésà fọ òkúta àtijọ́.

Ẹ jẹ́ kí a wá ro ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ bí a bá gbé lésà kejì yìí wá síwájú ògiri ojúbọ Yorùbá. Funfun, pupa àti dúdú ni àwọn àwọ̀ pàtàkì ibẹ̀, èédú sì ni dúdú sábà máa ń jẹ́. Lésà tí ń fọ ìdọ̀tí kò mọ ìyàtọ̀ láàrin èéfín àti èédú tí ọmọ ènìyàn fi ṣe ọnà. Ohun dúdú ni ó mọ̀. Ìdámẹ́ta ọnà náà lè fò lọ láàrin ọjọ́ kan. Nítorí náà, kò yẹ kí orúkọ kan ṣoṣo kó lésà méjèèjì pọ̀.

6. Àbá lórí èdè-ìperí

Ìwé Èdè-Ìperí Yorùbá tí a ń gbára lé dá lórí èdè, lítíréṣọ̀ àti ọgbọ́n ìkọ́ni. Kò sí ìdí tí a ó fi retí ọ̀rọ̀ ìtọ́jú ọnà nínú rẹ̀. Àwọn ìlànà rẹ̀ ni a tẹ̀ lé níhìn-ín: kí ọ̀rọ̀ hàn kedere, kí ó bá gírámà mu, kí ó sì ṣeé fi ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ mìíràn.

(a) A fara mọ́ ọ̀rọ̀-àyálò ‘lésà’. ‘Iná’ ṣini lọ́nà, gẹ́gẹ́ bí a ti rí i. ‘Ìtànṣán’ fẹ̀ jù, nítorí pé oòrùn pàápàá ní ìtànṣán. Àkékúrú ni ọ̀rọ̀ náà nínú èdè tí ó ti wá, nítorí náà kò sí ẹwà inú rẹ̀ tí a ó sọnù bí a bá yá a.

(b) ‘Àwòrán’ ń tọ́ka sí ohun méjì nínú àyọkà kan náà: ohun tí àwọn baba wa kùn sára ògiri, àti ohun tí ẹ̀rọ yà. Gbólóhùn bí ‘àwòrán náà fi hàn pé àwòrán náà ti bàjẹ́’ kò lè ran akẹ́kọ̀ọ́ lọ́wọ́. A dábàá pé kí ‘ọnà-ara-ògiri’ jẹ́ ti àkọ́kọ́, kí ‘àwòrán’ sì jẹ́ ti ẹ̀rọ nìkan.

(d) ‘Àyẹ̀wò’ kò gbọ́dọ̀ di ‘ìtọ́jú’. Yorùbá kò da méjèèjì pọ̀ rí: a máa ń yẹ ọ̀ràn wò kí a tó mọ ohun tí a ó ṣe sí i. Nípa lílo àfòmọ́ ìbẹ̀rẹ̀ a-, a rí ‘lésà aṣàyẹ̀wò’ àti ‘lésà afọdọ̀tí’. ‘Aṣàyẹ̀wò’ àti ‘afọdọ̀tí’ ń ṣiṣẹ́ ẹ̀yán fún ‘lésà’, kò sì sí ẹni tí yóò ṣì wọ́n mú fún ara wọn.

(e) ‘Ìyapa-ìpele’ sàn ju ‘ìbàjẹ́’ lọ. Ìbàjẹ́ lè jẹ́ ṣíṣá, sísán tàbí rírún; ìyapa sọ irú èyí tí a ń wá.

(ẹ) A yan ‘ìmọ́lẹ̀-ìdáhùn’ dípò ‘ìtàn-nínú-òkùnkùn’ tí àwọn kan dábàá fún wa, nítorí pé ohun tí ń tàn nínú òkùnkùn lè máa tàn lọ lẹ́yìn tí a ti pa àtùpà. Ohun tí à ń sọ níhìn-ín ń dákẹ́ ní kété tí a bá ti dá lésà dúró. Ìdáhùn ni: bí ìbéèrè kò bá sí, kò sí òun náà.

7. Ọ̀rọ̀ náà nílẹ̀ wa

Ẹnikẹ́ni tí ó bá rò pé ọ̀rọ̀ àwọn òyìnbó nìkan ni èyí kò tíì wo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ní Abomey, ní orílẹ̀-èdè Benin, àwọn ọnà alámọ̀ tí a gbé yọ lára ògiri àáfin ń sọ ìtàn àwọn ọba Dahomey. Ìjì líle ba àáfin náà jẹ́ ní 1984. Nígbà tí UNESCO fi í sínú àkójọ ogún àgbáyé ní 1985, inú àkójọ àwọn tí ewu ń wu ni ó tún fi í sí lẹ́sẹ̀kan náà, ibẹ̀ ni ó sì wà títí di 2007. Nínú 56 ọnà tí ó wà lára ilé kan tí Ọba Glele kọ́, 50 ni a yọ ní 1988 kí a tó wó ilé náà. Láti 1993 sí 1997, Ilé-iṣẹ́ Ìtọ́jú Getty àti ìjọba Benin jọ tọ́jú wọn. Ìyapa àti rírún amọ̀ wà lára ohun tí wọ́n ní láti bá jà.

Ní Ilé-Ifẹ̀, ọ̀ràn mìíràn wà. Bolaji Campbell, nínú ìwé rẹ̀ tí ó jáde ní 2008, ṣàlàyé ọnà ara ògiri ojúbọ Yorùbá, títí kan ti Òrìṣà Ìkirè, tí àwọn obìnrin máa ń tún kùn nígbà ọdún òrìṣà. Níbẹ̀, àtúnkùn kì í ṣe ìbàjẹ́; òun ni ó ń jẹ́ kí ọnà wà láàyè. Ìpele ń gorí ìpele lọ́dọọdún, bí wọ́n sì ti ń nípọn sí i ni ewu ìyapa ń pọ̀ sí i. Lésà aṣàyẹ̀wò lè sọ ibi tí ìpele àtijọ́ kò ti lágbára láti gbé tuntun mọ́. Kò lẹ́tọ̀ọ́ láti sọ pé kí àwọn ìyá náà gbé ọ̀dà wọn sílẹ̀. Àwọn ni ó ni iṣẹ́ ìtọ́jú. Ẹ̀rọ ni ó ni àyẹ̀wò. Àwọn ni ó sì yẹ kí àbájáde àyẹ̀wò kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ wọn, ní èdè tí wọ́n lè fi bá onímọ̀ jiyàn.

8. Àgbálọgbábọ̀

A ti fi hàn pé lésà lè gbọ́ ìgbọ̀n, wé ìgbì, gba ìdáhùn lẹ́nu ọ̀dà, kí ó sì wọn ojú ògiri, láìfọwọ́ kan ọnà. A sì ti fi hàn pé àṣìlò ọ̀rọ̀ kan lè sọ aṣàyẹ̀wò di apanirun. Kí a tó kúrò ní Ugbonla, a tún àyọkà náà kọ, a sì kà á sétí bàbá agbẹ́kọ̀. Nígbà tí a dé ibi ìgbọ̀n ìrẹ́, ó fi oríkèé ìka kan pákó tí ó jókòó lé, ó ní, ‘Ó yé mi wàyí. Ìmọ́lẹ̀ yín ni ó ń kan ògiri.’ A kò tíì rí àlàyé tí ó kúrú tó bẹ́ẹ̀ nínú ìwé. Àwọn àbá wa nìyí fún àgbéyẹ̀wò. Ẹni tí ó bá ní èyí tí ó sàn jù, kí ó fi ránṣẹ́.

Àkójọ àwọn èdè-ìperí

ìfi-ìgbì-wé-ìgbì: fífi ìpàdé ìgbì lésà mọ bí ojú ògiri ti sún sí.
ìfi-lésà-wọn-ìgbọ̀n: fífi ìyípadà ìmọ́lẹ̀ tí ó padà mọ bí ojú ògiri ṣe ń gbọ̀n.
ìfi-lésà-wọn-ojú: fífi àkókò ìrìn lésà mọ ibi tí ojú ògiri kọ̀ọ̀kan wà.
ìmọ́lẹ̀-ìdáhùn: ìmọ́lẹ̀ tí nǹkan tú jáde nígbà tí ìmọ́lẹ̀ mìíràn bá kàn án.
ìrẹ́: ohun tí a fi rẹ́ ògiri kí a tó kùn ún.
ìyapa-ìpele: kíkúrò tí ìpele kan kúrò lára èkejì tí òfìfo fi wà láàrin wọn.
lésà afọdọ̀tí: lésà alágbára tí ń jó èèpá kúrò.
lésà aṣàyẹ̀wò: lésà tí agbára rẹ̀ kéré, tí a fi ń wádìí nìkan.
ọnà-ara-ògiri: iṣẹ́ ọnà tí a kùn tàbí tí a gbé yọ sára ògiri.